Ọ̀ta Kì í Ṣe Ọ̀tá

Oníwàásù kan ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ìwàásù lórí ìdáríjì ni, lórí rédíò, ní kùtùkùtù, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn bọ̀ títí bàbá fi dé orí pé àwọn baba ńlá wa pàápàá mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn máa kí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rí tó mú wá ni pé wọ́n máa ń sọ pé, "Mo kí ọ̀tá, mo kí òpè." Ó túmọ̀ rẹ̀ fún ìjọ: kí ọ̀tá rẹ, má sì fojú di aláìmọ̀kan. Ìjọ ké "Àmín". Èmi tí mo wà nílé, tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ pá mi lórí.

Ká ní inú Bíbélì ló ti mú un ni, ẹnu mi ìbá wọlẹ̀. Ẹsẹ tó bá ọ̀rọ̀ yẹn mu kò wọ́n níbẹ̀. Ìdí ọpọ́n ayò ló lọ, níbi tí wọn kì í ti í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá bá èèyàn méjì nídìí ayò, tó ní "ẹ kú ìjókòó", kò tíì kí wọn. "Mo kọ́ta, mo kọ́pẹ́" ni ìkíni wọn, èsì rẹ̀ sì ni "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ́ ò gbọdọ̀ fọhùn."

Ọ̀ta, dò re ni. Kì í ṣe dò mí bíi ti ẹni tó ń wá ìṣubú rẹ, kì í sì í ṣe re re bíi ti èyí tí wọ́n ń kì sínú ìbọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe "ta" ni wọ́n fi "ọ̀" ṣáájú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fi ṣáájú "mu" tó di ọ̀mu. Gbogbo ẹni tó bá mu ọtí kọ́ ni ọ̀mu. Ẹni tí ọtí ti mọ̀ lórúkọ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ta kì í ṣe ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti jókòó sídìí ọpọ́n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn lára ni, tí àwọn tó dúró ń wòran mọ̀ pé ibi tó bá fọwọ́ sí, nǹkan máa ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń tan àwọn ọmọ ìsinsìnyí jẹ ni pé nígbà tí a bá pa "kí" àti "ọ̀ta" pọ̀, dò tó wà níwájú á sá lọ, "kọ́ta" ni etí á gbọ́. Ṣùgbọ́n "ta" tó gbẹ̀yìn kò yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìdí ayò wàásù, kó kọ́kọ́ tẹ́tí sí i.

Ọ̀pẹ́ náà kì í ṣe òpè. Òpè kò mọ nǹkan kan. Ọ̀pẹ́ mọ̀, ó kàn ń pẹ́ kó tó mọ̀ ni; lójú tèmi, inú "pẹ́" yẹn gan-an ló ti jáde. Ó ń kà á lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́, ó ń fi ìka tọ́ka sí ojú ọpọ́n, nígbà tó bá fi máa ta, àwọn òǹwòran ti sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n epo dé ìdajì. Mo ti gbọ́ tí ará Ìkòròdú kan ń fi ará Ẹ̀pẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀pẹ́ ò lè wọ́n níbi tí orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ ti ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́. Ará Ẹ̀pẹ́ ò bínú. Ó ní kó jókòó, kí wọ́n wá wo ẹni tí orúkọ ń ro. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn.

Ẹ tún wo ọgbọ́n tó wà nínú ìkíni ọ̀hún. "Jẹ́" tó wà níbẹ̀, jíjẹ́ ìpè ni. Ọ̀ta nìkan ló láṣẹ láti dáhùn. Ọ̀pẹ́ gbọ́dọ̀ panu mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá dáhùn ti pe ara rẹ̀ ní ọ̀ta lójú gbogbo èèyàn, ẹni tó bá sì dákẹ́ ti jẹ́wọ́. Kí ló wá máa ń ṣẹlẹ̀? Àwọn méjèèjì ló máa ń dáhùn, tí ohùn wọn á sì ròkè bákan náà. Ẹni tó kí wọn ti dá ìjà sílẹ̀, ó ti wá àyè jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí "ta" fúngbà díẹ̀, torí òun gan-an ni ààyò mi. Àkekèé ń ta èèyàn. Ata ń ta lójú. Ẹṣin ń ta nípàá, ọdẹ ń ta ọfà, epo gbígbóná ń ta sí aṣọ. Ọmọdé ń ta òkòtó. Iṣu náà ń ta nínú ebè. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Nǹkan kan ń kúrò lójú kan, ó ń lọ balẹ̀ sójú mìíràn, ó sì ní agbára tó gbé e lọ. Àwọn onímọ̀ èdè lè ní kí n rọra, pé "ta" tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, pé tẹni tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ò bá ti àkekèé tan. Wọ́n lè gba ẹja títa lọ́wọ́ mi, n kò ní jà. Ayò títa ni n kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ti rí ọ̀ta gidi rí, bó ṣe ń kó ọmọ inú ihò kan sí àtẹ́lẹwọ́, tí àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún, tí igi ń dún kò, kò, kò, tí ojú rẹ̀ kò sì sí lórí ọwọ́ rárá, mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè gba ipò "ta" níbẹ̀.

Àwa Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ń ṣe gbogbo eré. À ń gbá bọ́ọ̀lù, à ń ja ìjàkadì, à ń ṣe bojúbojú, à ń ta ayò. Nígbà tí lúdò àti dráàfù dé, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé kankan. Gbogbo ẹnu ló ní "ta". Nígbà tí géèmù bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n dé, àwọn ọmọ ní "gbá", wọ́n sì jàre. Àwọn tó ń polówó tẹ́tẹ́ lórí rédíò nìkan ni ò rí ọ̀rọ̀ kankan lò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wa. "Ẹ pléè, kẹ́ ẹ wìn," ni wọ́n ń pariwo.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní pinball, tí ì bá kó wa sí ìyọnu díẹ̀ ká ní ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò fojú kàn án àfi inú kọ̀ǹpútà Windows XP, ní ibi tí wọ́n ti ń bá wa tẹ lẹ́tà, nígbà tí akọ̀wé ibẹ̀ bá ń dúró de oníbàárà. Àpótí gbọọrọ tó dagun díẹ̀ ni, gíláàsì lójú, bọ́ọ̀lù irin kékeré nínú. Ní 1871, Montague Redgrave, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbé ní Cincinnati l'Amẹ́ríkà, gbàwé àṣẹ lórí irin sípíríǹgì tó ń ti bọ́ọ̀lù náà sókè. Ẹni tó bá fa irin ọ̀hún, tó sì tú u sílẹ̀, kí ló ṣe? Ó ta bọ́ọ̀lù ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kó káwọ́ gbera kó máa wò ó bó ṣe ń forí gbá ìṣó bọ̀ wálẹ̀. Ó wá di 1947 kí ilé iṣẹ́ Gottlieb ní Chicago tó gbé Humpty Dumpty jáde, èyí tó ní apá kéékèèké tí èèyàn lè fi dá bọ́ọ̀lù padà. Láti ọjọ́ náà, èèyàn á kọ́kọ́ ta á, á tún gbá a. Kò sí ẹ̀rọ mìíràn tí mo mọ̀ tó nílò ọ̀rọ̀-ìṣe wa méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi mú un wá ni ẹjọ́ tó fà. Láti 1942 ni ìlú New York ti fòfin dè é pé tẹ́tẹ́ ni. Àwọn ọlọ́pàá ń fi òòlù fọ́ ọ. Ọdún 1976 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan, Roger Sharpe, dúró sídìí rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin ìlú, tó sọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà kó tó ta á, tó sì gba ibẹ̀. Ẹ wo gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń fà á, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọn ò ní. Ìbéèrè wọn ò ju pé ǹjẹ́ eré yìí lè ní ọ̀ta. Eré tó bá lè ní ọ̀ta, eré ọgbọ́n ni. Èyí tí kò bá lè ní, tẹ́tẹ́ ni. À ń ta tẹ́tẹ́ lóòótọ́, "ta" kan náà ni, ṣùgbọ́n atatẹ́tẹ́ là ń pe ẹni tó ń ṣe é. Ẹni tó ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì Baba Ìjẹ̀bú láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, atatẹ́tẹ́ ṣì ni. Ọ̀ta, rárá.

Ayò kò ní ibi tí oríire lè sá pamọ́ sí. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ wà lójú gbangba, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ jẹ 25 ti parí ọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ kò rí nǹkan kan dá lẹ́bi. Bóyá nítorí náà ni ẹnu wọn fi máa ń mú tó bẹ́ẹ̀. Eré náà kò béèrè iná, kò béèrè dátà. Bí kò bá sí ọpọ́n, àwọn ọmọdé á gbẹ́ ihò sílẹ̀, wọ́n á ṣa òkúta wẹ́wẹ́. Báyìí ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ṣe gbé e sọdá òkun láìgbé ohunkóhun dání. Ní Antigua àti Barbados, warri ni wọ́n ń pè é títí dòní. Oware ni lẹ́nu àwọn ará Ghana. Àwọn ìwé Òyìnbó kan ń pe tiwa ní "ayoayo". Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, fi kọ̀ǹpútà tú eré náà palẹ̀ pátápátá. Wọ́n ka gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè jókòó sójú ọpọ́n: 889,063,398,406. Àbájáde rẹ̀ ni pé bí ẹni méjèèjì ò bá ṣàṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀ta méjì nídìí ọpọ́n ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, wọn ò ní gba kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo ní nínú ni "ọpọ́n sún". Bí ìbò bá ti ń bọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lórí rédíò pé ọpọ́n ti sún kan Ìkòròdú, pé Ẹ̀pẹ́ ti jókòó tiwọn nígbà tí Akinwunmi Ambode ṣe gómìnà Èkó, láti 2015 sí 2019. Èmi ò dá sí ọ̀rọ̀ ta ló kàn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú ọpọ́n tó ń sún. Bó bá jẹ́ ti ayò ni, ọpọ́n ayò kì í kúrò lójú kan. Ẹni tí wọ́n bá jẹ ló ń dìde fún ẹlòmíràn. Àwọn olóṣèlú ò fẹ́ràn "dìde", ni wọ́n ṣe ní ọpọ́n ló sún.

Ó wá ku ayò fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ti gbà lọ. "Àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan." Ó pẹ́ tí mo ti ń bá wọn jà lórí èyí. Ayò kan, odindi eré ni, láti ìgbà tí ọmọ mẹ́rin mẹ́rin ti wà nínú ihò títí dìgbà tí ẹnì kan fi sọ pé òun ò ta mọ́. Góòlù, ìṣẹ́jú àáyá ni. Kí sì ni "àmì" ń wá níwájú rẹ̀? Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ kí wọ́n máa pè é? Góòlù, tí a tún ń fi sí etí àti ọrùn? Gbogbo ènìyàn ló ti gba ayò, ọ̀mì sì ti bá a lọ sórí pápá, ara rẹ̀ sì balẹ̀ níbẹ̀. Mo ti jọ̀wọ́ ìyẹn. Ẹ kàn bá mi sọ fún àwọn tó ń kọ pátákó síwájú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù pé "AYO 3" láìsí àmì ohùn lè jẹ́ ayò, ó lè jẹ́ ayọ̀, ó sì lè jẹ́ ọmọkùnrin tó ń jẹ́ Ayọ̀, tó jókòó sí ìjókòó kẹta.

Gbá ayò wọlé, mo gbà. Fi ayò méjì nà wọ́n, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ní agbábọ́ọ̀lù kan "ta ayò sínú àwọ̀n". Sípíríǹgì ha wà nídìí rẹ̀ ni?