Ohun tí ó wà nínú Èéfín

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi kànrìnkàn fọ ìdí ìkòkò títí ọwọ́ fi dúdú. Ohun dúdú náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ní ọdún 1775, Percivall Pott, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ tí ń mú àwọn tí ń gbá ihò èéfín ilé ní àpò ẹpọ̀n. Ó ní èérí èéfín tí ó há sí awọ ara wọn ni ó fà á. Láti ìgbà ọmọdé ni a ti ń rán wọn wọ inú ihò wọ̀nyí, nítorí pé ara wọn kéré. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá púpọ̀.

Ní ọdún 1915, Yamagiwa àti Ichikawa ní Japan ròyìn pé àwọn fi ọ̀dà èédú ilẹ̀ kun etí ehoro léraléra títí jẹjẹrẹ fi hù níbẹ̀. Ní 1933, Cook, Hewett àti Hieger yọ benzopyrene jáde láti inú tọ́ọ̀nù 2 ọ̀dà líle: òrùka márùn-ún tí ó so mọ́ ara wọn, kábọ́ọ̀nù 20, háídírójìn 12.

Báwo ni ó ti ń wáyé? Bí iná kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, igi kì í jó tán. Kábọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́ kù a so pọ̀ di òrùka. Bí èéfín ti ń tutù, àwọn òrùka náà a lẹ̀ mọ́ ẹ̀rún dúdú tí ojú kò lè rí, a ó sì mí wọn sínú títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Igi gbígbẹ ń dín in kù, ṣùgbọ́n kò mú un tán. Ìyá tí ó pọn ọmọ, tí ó ń fẹ́ iná igi tútù nínú ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé, ohun kan náà tí ó lẹ̀ mọ́ ara àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ni òun àti ọmọ rẹ̀ ń fà símú.