Ṣé kí n ra ẹ̀rọ táǹkì omi gbígbóná?

Ìbéèrè: New Bell ní Douala ni mò ń gbé. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n ra táǹkì tó ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná. Owó iná ń já mi láyà, mi ò sì fẹ́ kí iná gbé wa. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọwọ́ lómi o. Kí omi inú táǹkì lítà 50 tó kúrò ní 25°C dé 60°C, yóò jẹ bíi yúnìítì 2. Bí yúnìítì kan bá jẹ́ fàránkì 79 lórí ìwé owó iná yín, táǹkì kan lójúmọ́ yóò gba bíi fàránkì 4,800 lóṣù. Owó iná ilé ní Cameroon kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Bí táǹkì náà bá jẹ́ wáàtì 1,500, ẹ tàn án ní wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú ìwẹ̀, kí ẹ sì pa á.

Ní ti ewu, ẹ rí i pé wáyà tó wọ ilẹ̀ wà, àti bíréékà 30 mA tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. Abẹ́ táǹkì ni fáàfù tó ń dín agbára omi kù, tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní "groupe de sécurité", máa ń wà. Bí omi bá ń kán níbẹ̀ nígbà tó ń gbóná, ẹ má dí i: táǹkì lè bẹ́. Omi tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú bàsíà ọmọ, torí omi 60°C ń bó awọ ara kíákíá.

Bí ilé tí ẹ háyà kò bá ní wáyà ilẹ̀, ìkòkò lórí gáàsì ló dára jù.