Ebi Ojú Ọ̀nà: Ìwé Pẹlẹbẹ fún Ilé Àwọn Tó Ń Wọ Bọ́ọ̀sì Lójoojúmọ́ ní Àbújá

Ẹ̀yin ará ilé, láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá, owó ilé àárín ìlú ti ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Kubwa, Lugbe, Nyanya, Karu àti Mararaba tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Násáráwá ló gbà wọ́n. Ìdí nìyí tí bàbá tàbí ìyá fi ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n sì ń wọlé nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn. Oúnjẹ tó ń dènà dè wọ́n láàárín ìgbà méjèèjì ni a fẹ́ bá yín sọ.

A kò pe ẹnikẹ́ni ní wọ̀bìà o. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó jẹun ní aago kan ọ̀sán, tó dúró títí ní Berger kó tó rí ọkọ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún wá dá a dúró lẹ́yìn AYA, kò ní okun àtibá ara rẹ̀ jà mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ kan yóò gbé páálí gálà kọjá lójú fèrèsé, èkejì yóò gbé mínírà tí omi yìnyín ń ro lára rẹ̀ sún mọ́ ọn. Kí ọkọ̀ tó rìn síwájú, ó ti sanwó. Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti ṣètò, torí ojú fèrèsé ọkọ̀ kọ́ ni èèyàn ti ń gbèrò.

Mínírà ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mìlílítà 100, ìgò 50cl ti gbé gíráàmù 50, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé kí ṣúgà tí àgbàlagbà ń jẹ láti àárọ̀ dalẹ́ má ju nǹkan bíi gíráàmù 50 lọ, pé bó bá lè mọ ní 25, ó sàn jù. Òfin Ìṣúná ọdún 2021 bu owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan irú ohun mímu yìí, ìyẹn náírà 5 péré lórí ìgò 50cl. Ta ni yóò torí náírà 5 gbé ìgò tútù sílẹ̀ nínú oòrùn Nyanya? Ike omi tí ẹ bá ti bu kún láti ilé yóò ṣiṣẹ́ ju owó-orí yẹn lọ.

Àkàrà àárọ̀, tí àwọn Haúsá ń pè ní kosai, kò yẹ kí a bà lórúkọ jẹ́. Ẹ̀wà ni, ẹ̀wà sì dára lára. Òróró ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti dúdú, tó ń yọ ìfóófòó, tí èéfín rẹ̀ ń ta èèyàn lójú, wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá ìyá alákàrà mìíràn. NAFDAC ṣe òfin lọ́dún 2022 láti dín ọ̀rá burúkú tí wọ́n ń pè ní trans fat kù nínú òróró àti oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè dúró ti gbogbo agbada etí títì. Ẹ ra àkàrà mẹ́ta, kí ẹ fi ẹ̀kọ tí ṣúgà rẹ̀ kéré mu ún, kí ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀.

Ní ti súyà alẹ́, iyọ̀ àti magí inú yájì ni ẹ̀rù rẹ̀. Iyọ̀ òòjọ́ ẹnì kan kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ẹ̀kún ṣíbí ìmutíì kan péré, ọbẹ̀ ilé sì ti kó èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ní kí mallam dín yájì kù, kó fi àlùbọ́sà sí i dáadáa, kí ẹ sì gé ibi tó jóná dànù.

Kí ni kí ẹ dì sínú báàgì? Ẹ̀pà yíyan tí kò níyọ̀, ọ̀fíò gbígbẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kí òṣìṣẹ́ inú ilé yín jẹ ẹ́ kó tó kúrò níbi iṣẹ́, kó má dúró di inú ọkọ̀. Ẹ má di móínmóín àárọ̀ de ìrọ̀lẹ́: oúnjẹ sísè kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ. Ẹni tó ti jẹ súyà lọ́nà máa ń délé tún jẹ ẹ̀bà tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ fún un, kí alásè má baà bínú. Ẹ jẹ́ kó lè sọ òótọ́. Ẹ bu òkèlè kékeré sílẹ̀ fún un, kí ẹ̀fọ́ pọ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́, kò sí ìjà.

Kí gbogbo àgbàlagbà inú ilé lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìlera tó sún mọ́ wọn. Bí ó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ rí dókítà bí ara tilẹ̀ le. Ẹni tó ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ, tó sì ń rù, kó lọ yẹ ṣúgà ara wò.

Ẹni tó ti ń gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ fi ebi wọ ọkọ̀ rárá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dà rú nínú súnkẹrẹ, ṣúgà ara rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ jù. Mínírà tí a ń sá fún wá di oògùn: ẹ fún un ní ààbọ̀ ife, kó má ṣe jẹ́ èyí tí kò ní ṣúgà, tàbí kóró ṣúgà mẹ́rin sí márùn-ún. Bí kò bá bọ̀ sípò ní ìṣẹ́jú 15, ẹ tún fún un. Bó bá bọ̀ sípò, kó jẹun. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu; ẹ ní kí awakọ̀ yà sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù.