Rírí Ìrànlọ́wọ́ fún Ọmọ Tí Ó Ní Ìpèníjà Ìhùwàsí àti Ẹ̀kọ́ Kíkọ́

Àwọn kókó pàtàkì

• Nǹkan bí 240 mílíọ̀nù ọmọdé ní àgbáyé ni ó ní àìlera kan tàbí òmíràn, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò UNICEF ti ọdún 2021.
• Ìpèníjà ìhùwàsí àti ti ẹ̀kọ́ kíkọ́ kì í ṣe ègún, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé òbí kò kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé.
• Ìrànlọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ nílé àti ní ilé-ìwé kí dókítà tó mọ orúkọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ náà.
• Ní Nàìjíríà, òfin fún ọmọ tí ó ní àìlera ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ìwé girama.

Ohun tí ó lè fà á

Ọpọlọ àwọn ọmọ kan ń dàgbà lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Òmíràn kò lè jókòó sí ojú kan. Òmíràn ń pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Òmíràn mọ ìtàn sọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìwé kíkà ṣòro fún un. Èyí lè jẹ́ àbímọ́. Ó sì lè jẹ́ àtubọ̀tán ibà tí ó wọ ọpọlọ, tàbí ti àrùn tí ń mú kí ojú àti ara ọmọ tuntun pọ́n bí ìyeyè, bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí a ń nà nítorí ohun tí agbára rẹ̀ kò ká yóò kọ́ ìbẹ̀rù. Kò ní í kọ́ ìwé.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Etí àti ojú ni. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lè má gbọ́ ohun tí olùkọ́ wí, kí wọ́n sì pè é ní olóríkunkun. Èyí tí kò ríran jìnnà lè máa ṣi ohun tí ó wà lójú pátákó kọ. Irú wárápá kan sì wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀: yóò kàn tẹjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ni yóò sì fò ó. Oògùn wà fún un.

Ibi tí òbí lè lọ

Ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ilé ni ìbẹ̀rẹ̀. Kí òbí béèrè fún ìwé tí yóò gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Abẹ́òkúta, Yaba, Benin, Enugu, Calabar, Kaduna àti Maiduguri. Lílọ síbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ọmọ ya wèrè.

Kí òbí mú káàdì àjẹsára àti ìwé iṣẹ́ ọmọ dání, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì: kí ni ó ṣẹlẹ̀ kí ìwà náà tó wáyé, kí ni ọmọ ṣe, kí sì ni àgbà ṣe lẹ́yìn náà? Àkọsílẹ̀ yìí lè fi ohun tí ń fa ìwà náà hàn: ebi, ariwo, tàbí iṣẹ́ tí ó ju agbára ọmọ lọ.

Bí ọmọ kò bá lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó ti mọ̀ sọ tẹ́lẹ̀ mọ́, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí a lè ṣe nílé

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan fún àwọn òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ìpàdé 9 àti àbẹ̀wò 3 sí ilé. Àwọn àṣà wọ̀nyí wúlò nínú ilé gbogbo:

• kí a bá ọmọ sọ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí a sì fi ọwọ́ júwe rẹ̀;
• kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀ bí ó bá gbìyànjú;
• kí a sọ fún un ṣáájú kí a tó yí iṣẹ́ tàbí eré padà;
• kí àkókò oúnjẹ àti oorun rẹ̀ má ṣe máa yí padà.

Ohun tí a lè béèrè ní ilé-ìwé

Kí ọmọ jókòó níwájú. Kí olùkọ́ gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kí a fi kún àkókò rẹ̀. Kí ó fi ẹnu dáhùn ohun tí kò lè kọ. Kò sí èyí tí ó ń náni lówó nínú wọn.

Bí ilé-ìwé bá kọ̀ láti gba ọmọ nítorí àìlera rẹ̀, òfin ọdún 2018 tí ó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí òbí kọ lẹ́tà sí àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Ó tún lè fi ẹjọ́ sun àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin náà dá sílẹ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá.

Ìtọ́jú fún olùtọ́jú

Ẹni tí kò sinmi kò lè ní sùúrù. Kí ìyá nìkan má ṣe gbé ẹrù yìí: kí bàbá, ẹ̀gbọ́n àti ẹbí kọ́ bí a ṣe ń bá ọmọ náà lò, kí wọ́n sì máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Òbí mìíràn tí ó ti rin ọ̀nà yìí rí sì lè mọ olùkọ́ àti dókítà tí wọ́n ní sùúrù.