Àkójọ Èdè Ńlá àti Ìwádìí Ìlò Èdè Láwùjọ: Arọ́pò-Orúkọ Ọ̀wọ̀ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Àsamọ̀

Àwọn àgbà a máa ṣàròyé pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ẹ lò fún àgbà mọ́. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀nà tí àkójọ èdè ńlá lè gbà dán irú àròyé bẹ́ẹ̀ wò. Ó ṣàlàyé ohun tí àkójọ èdè jẹ́, ó tọ́ka sí ohun tí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti fi hàn nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi arọ́pò-orúkọ ọ̀wọ̀ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé pípọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Àkójọ tí kò sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ àti ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ kò lè jẹ́rìí nípa àwùjọ.

1.0 Ìfáàrà

Èdè àti àwùjọ kò ṣeé yà nípá. Bí ọmọ Yorùbá bá la ẹnu, kí ó tó sọ ohun tí ó ní lọ́kàn tán, arọ́pò-orúkọ tí ó lò ti fi hàn bí ó ṣe ka ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ sí. "Ṣé o ti jẹun?" àti "Ṣé ẹ ti jẹun?" jọ ń béèrè ohun kan náà ni, síbẹ̀ ọmọ tí ó bá lo ti àkọ́kọ́ fún baba rẹ̀ lè gba ìbáwí kí ó tó gba ìdáhùn.

Ní ilé, ní ilé-ìwé àti lórí rédíò, àròyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀wọ̀ ti ń kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mẹ́ta ní ìdíkọ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọgbọ̀n tí wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyá wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan náà. Ohun tí ó bí ènìyàn nínú ni etí rẹ̀ máa ń tètè gbọ́. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìmọ̀ èdè àti àwùjọ nílò ọ̀nà tí yóò fi gbọ́ ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó tó dá a. Ọ̀kan pàtàkì nínú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àkójọ èdè ńlá.

2.0 Kí ni Àkójọ Èdè?

Àkójọ èdè ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu tí wọ́n dà kọ, tí wọ́n ṣà jọ lọ́nà tí ó ní ètò, tí wọ́n sì tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè ṣeé wá, kí ó sì ṣeé kà. Kì í ṣe gbogbo òkìtì ìwé ni àkójọ èdè. Bí olùkọ́ kan bá kó ogún ìwé ìtàn àròsọ jọ nítorí pé àwọn ni ó wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀, ilé-ìkàwé kékeré ni ó ní. Bí ó bá kọ́kọ́ pinnu irú ìlò èdè tí ó fẹ́ kí àkójọ rẹ̀ ṣojú fún, tí ó sì ṣa ọ̀rọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ìpinnu náà, ìgbà náà ni ó ní àkójọ èdè.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó lórúkọ jù ni èyí tí Henry Kučera àti W. Nelson Francis ṣe ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n ṣa àyọkà 500 láti inú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1961. Àyọkà kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 2,000, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù kan. Láàárín ọdún 1991 sí 1994, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó British National Corpus jọ, èyí tí ó ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 100 mílíọ̀nù. Ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀, ìdá 10 tí ó kù sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn: àwọn onímọ̀ tí Ulrike Gut ṣáájú wọn ní Jámánì ti kó àkójọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà jọ, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju àkọsílẹ̀ lọ.

3.0 Bí Àkójọ Èdè ṣe ń Fi Àwùjọ Hàn

Kí irú àkójọ ńlá báyìí tó di gbajúmọ̀ ni William Labov ti ṣe ìwádìí kan ní New York ní ọdún 1962. Ó wọ ilé ìtajà ńlá mẹ́ta, ọ̀kan fún olówó, ọ̀kan fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ to ẹnu, ọ̀kan fún mẹ̀kúnnù. Ó béèrè ọjà tí ó mọ̀ pé ó wà ní àjà kẹrin, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè dá a lóhùn pé "fourth floor", kí òun sì gbọ́ bóyá wọn yóò pe r inú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà olówó ni wọ́n pe r jù, àwọn ti ilé ìtajà mẹ̀kúnnù ni wọ́n pè é kéré jù. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni Labov gbọ́ lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó kọ àlàyé ìdánimọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn: ilé ìtajà tí ó jẹ́, irú iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe, akọ tàbí abo, àti ọjọ́ orí tí ó fojú bù. Àlàyé ìdánimọ̀ yìí ni ó sọ ìró r di ẹ̀rí nípa àwùjọ.

Ìlànà kan náà ni wọ́n tẹ̀ lé nínú British National Corpus. Ènìyàn 124 ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré láti gba ìtàkùrọ̀sọ òòjọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì ṣa àwọn ènìyàn náà kí tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, tolówó tòtòṣì lè wà nínú wọn. Nígbà tí Paul Rayson, Geoffrey Leech àti Mary Hodges yẹ ìtàkùrọ̀sọ yìí wò nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997, wọ́n rí i pé àwọn obìnrin lo arọ́pò-orúkọ, orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìbátan ju àwọn ọkùnrin lọ, nígbà tí ọ̀rọ̀ òǹkà wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọkùnrin jù.

Láàárín ọdún 2012 sí 2016, wọ́n tún gba ohùn ènìyàn 668 sílẹ̀ láti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ẹnu tuntun tí ó ní nǹkan bí mílíọ̀nù 11.5 ọ̀rọ̀. Nípa gbígbé àkójọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó hàn pé ọ̀rọ̀ bíi "marvellous" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń ṣàròyé nípa àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ẹni ọgọ́ta ọdún lónìí, ó lè jẹ́ pé èdè ń yí padà, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ náà yóò sọ̀rọ̀ bí àgbà nígbà tí òun náà bá dàgbà. Àkójọ ìgbà kan ṣoṣo kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àkójọ ìgbà méjì ni ó lè ṣe é.

4.0 Ipò tí Àkójọ Èdè Yorùbá Wà

Àkọsílẹ̀ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta jáde ní ọdún 1859. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akede Eko ní ọdún 1929 sí 1930, ó sì ṣe àfihàn Yorùbá Èkó ìgbà náà. Ṣùgbọ́n kí ìlànà àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 tó dé, aiye, enia àti onje ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń kọ. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kí ó wá ayé, ènìyàn àti oúnjẹ yóò fo àwọn wọ̀nyí kọjá, olùwádìí tí kò fura yóò sì sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nígbà náà.

Lóde òní, iṣẹ́ ti ń tẹ̀síwájú. David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde ní ọdún 2021, gbólóhùn 20,100 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì láti oríṣiríṣi orísun. Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 2019, JW300 kó ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà jọ ní èdè tí ó lé ní 300, Yorùbá sì wà lára wọn. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní àrọ́wọ́tó gbogbogbòò nítorí ọ̀rọ̀ àṣẹ àwọn tí wọ́n ni ìwé náà. Púpọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ìròyìn, tàbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tú láti èdè mìíràn. Ìtàkùrọ̀sọ ìyá àti ọmọ, ti oníbàárà àti ọlọ́jà, kò tó nǹkan nínú rẹ̀.

5.0 Arọ́pò-Orúkọ Ọ̀wọ̀: Ibi tí Òǹkà ti Lè Ṣini Lọ́nà

Ewu àkọ́kọ́ wà nínú lẹ́tà ẹ fúnra rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ:

(i) Ẹ jókòó, mà.
(ii) Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ.
(iii) Mo rí ẹ lánàá.
(iv) Ilé ẹ dà?
(v) Ilé ẹ̀ jìnnà.

Nínú (i) nìkan ni ẹ ti jẹ́ ti ọ̀wọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni (ii) ń tọ́ka sí. Nínú (iii) àti (iv), ẹnì kejì ẹyọ ni, ẹni tí ó bá sì sọ wọ́n fún àgbà ti ṣe ohun tí ó lòdì sí ọ̀wọ̀ gan-an. Ẹnì kẹta ẹyọ ni (v). Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ sórí fóònù, (iv) àti (v) di ọ̀kan náà lójú ẹ̀rọ; bákan náà ni o, ó àti ò. Wọ́n pẹ̀lú ní ìṣòro tirẹ̀: "Wọ́n ti dé" lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ àlejò mẹ́wàá. Òǹkà tí kò ka gbólóhùn tí ó ṣáájú kò lè mọ̀.

Ewu kejì wà nínú orísun. Nínú Bíbélì Yorùbá, ìwọ àti rẹ ni ọmọ ń lò fún baba rẹ̀. Ọmọ onínàákúnàá tí ó padà wálé láti tọrọ àforíjì pàápàá lo rẹ. Ìtumọ̀ náà tẹ̀ lé iye ènìyàn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, kò tẹ̀ lé àṣà ọ̀wọ̀ Yorùbá. Títí di òní, ẹni tí kò jẹ́ sọ o fún baba rẹ̀ láyé a máa pe Ọlọ́run ní ìwọ nínú àdúrà, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó tàbùkù Ẹlẹ́dàá. Olùwádìí tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan ka arọ́pò-orúkọ yóò ròyìn Yorùbá kan tí kò sí ní ilé ẹnikẹ́ni.

Ewu kẹta ni ti ẹ̀ka-èdè. Ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, bí Èkìtì àti Oǹdó, lílo arọ́pò-orúkọ ọ̀pọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo kò rinlẹ̀ bí ó ti rinlẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìkíni, ìkúnlẹ̀ àti orúkọ ìbátan ni wọ́n fi ń gbé ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ọ̀wọ̀ yẹ. Bí àlàyé ìdánimọ̀ kò bá sọ ìlú tí olùsọ̀rọ̀ ti wá, ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ka-èdè yóò dà bí ìwà.

6.0 Iṣẹ́ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́

Kíláàsì kan lè ṣe àkójọ kékeré tí yóò wúlò ju òkìtì ńlá tí kò ní àlàyé lọ. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí:

(a) Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ó sì gba ti òbí bí ó bá jẹ́ ọmọdé. Kí ó yọ orúkọ wọn kúrò.

(b) Kí ó kọ ọjọ́ orí, ìlú, iṣẹ́, akọ tàbí abo, ìbátan àwọn olùsọ̀rọ̀, ibi àti ọjọ́ sí orí ìtàkùrọ̀sọ kọ̀ọ̀kan.

(d) Kí ó da ọ̀rọ̀ náà kọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, láìtún ẹ̀ka-èdè ẹnikẹ́ni ṣe.

(e) Kí ó má ka ẹ nìkan. Kí ó ka gbogbo ibi tí ẹnì kan ti bá àgbà kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ tààrà, kí ó wá wo iye ìgbà tí ó lo ẹ tàbí yín, iye ìgbà tí ó lo o tàbí rẹ, àti iye ìgbà tí ó fi orúkọ ìbátan yẹra fún méjèèjì, bí i "Ṣé Bàbá ti jẹun?" Bí irú àyè bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 50, tí ẹ tàbí yín jẹ yọ ní 45, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Òǹkà yìí ṣeé fi wé ti olùsọ̀rọ̀ mìíràn, bí ọ̀kan tilẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju èkejì lọ.

(ẹ) Kí ẹ̀ka náà tọ́jú àkójọ ọdọọdún, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tí wọn yóò fi tiwọn wé.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àkójọ èdè ńlá lè dán àròyé wò, ṣùgbọ́n ó lè sọ àṣìṣe di òǹkà tí ó dùn-ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí inú ìwé. Ọmọ Èkìtì tàbí ti Oǹdó tí ó sọ o fún olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé lè jẹ ẹgba nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ìtàkùrọ̀sọ irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti kà á, yóò kọ́ ọmọ náà ní ẹ ti Yorùbá àjùmọ̀lò láìpè é ní aláìmọ̀wàáhù.