Ẹ̀kọ́ 17: Ayékòótọ́ Wo Ló Yẹ Ilé Oníyàrá Kan?



Púpọ̀ nínú wa ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Parakou. Àwọn mìíràn nínú wa ti kó lọ síbẹ̀ fúnra wọn. Ilé ìgboro kò rí bí agbo ilé ti abúlé. Yàrá kan pẹ̀lú pálọ̀ kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń háyà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa àti aládùúgbò. Àgbàlá kan náà ni gbogbo ayálégbé ń lò. Onílé kò fẹ́ ewúrẹ́, kò sì fẹ́ adìẹ. Bí ọkàn ẹni bá wá ń fẹ́ ohun ọ̀sìn, ẹyẹ inú àgò ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn, pàápàá ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀.

Kí owó tó jáde lápò, ó yẹ kí a mọ irú ẹyẹ tí à ń rà. Ẹyẹ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra ni àwọn ènìyàn máa ń pè ní ayékòótọ́.

Odídẹrẹ́

Èyí ni ayékòótọ́ gan-an. Ara rẹ̀ dà bí eérú, ìrù rẹ̀ sì pupa. Ìyẹ́ ìrù yẹn ni ìkóódẹ tí ẹ mọ̀. Ẹyẹ náà gùn ju rúlà ọmọ ilé ìwé lọ díẹ̀.

Kò sí ẹyẹ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó o. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Irene Pepperberg ra ọ̀kan ní 1977, ó sọ ọ́ ní Alex. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọ. Alex mọ orúkọ àwọ̀, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà, kí ó tó kú ní 2007.

Ọgbọ́n yìí gan-an ló fa ìṣòro rẹ̀. Ẹyẹ tó gbọ́n tó báyìí kò lè jókòó lásán. Nínú igbó, agbo ńlá ni wọ́n ń bá ara wọn rìn. Bí ẹ bá tì í mọ́ yàrá kan, tí ẹ jáde ní àárọ̀, tí ẹ kò wọlé títí di alẹ́, ìdánìkanwà yóò dà á láàmú. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tu ìyẹ́ ara rẹ̀, títí àyà rẹ̀ yóò fi wà ní ìhòòhò bí adìẹ tí a fi omi gbígbóná bọ́. Ó tún máa ń pẹ́ láyé. Èyí tí a bá tọ́jú dáadáa lè lo 40 ọdún sí 60 ọdún. Ẹ ronú sí i: ta ni yóò jogún rẹ̀?

Ẹ má sì gbàgbé pé ohun tí ẹ bá sọ nípa onílé lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun náà lè sọ ọ́ fún onílé.

Ohun mìíràn wà tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odídẹrẹ́ kì í ṣe ẹyẹ agbègbè Parakou. Igbó kìjikìji ni ilé rẹ̀, ọ̀dàn sì ni tiwa. Èyí tí ẹ bá rí fún títà níbí, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú pẹ̀lú rẹ̀ ló kú sínú àpótí kí wọ́n tó dé ọjà. Àwa Yorùbá máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sí oko ìwájẹ. Ti àwọn oníṣòwò wọ̀nyí ń kú sọ́nà, kò tilẹ̀ rí ohun jẹ.

Ní orílẹ̀-èdè Gáánà, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2016. Wọ́n rí i pé láti 1992, nínú odídẹrẹ́ 100 tó wà níbẹ̀, ó kéré tán 90 ti lọ. Ohun méjì ló fa èyí: wọ́n ń gé igi ńlá tó ń yé ẹyin sí, wọ́n sì ń kó o tà. Ní 2016 kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú odídẹrẹ́ inú igbó kọjá ààlà láti fi ṣòwò mọ́. Ìpinnu náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2017. Ní Benin níbí pẹ̀lú, òfin ẹranko inú igbó wà láti 2004. Òmíràn sì jáde ní 2021 lórí òwò àwọn ẹranko àti igi tó fẹ́ parẹ́. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ alájàpá lójú títì lè pàdánù ẹyẹ, kí ó pàdánù owó, kí ó sì tún lọ jẹ́jọ́.

Nítorí náà, bí ilé yín bá jẹ́ yàrá kan, ẹ fi odídẹrẹ́ sílẹ̀.

Ẹyẹ ewé onírù gígùn

Èyí dà bí ewé tútù láti orí dé ìrù, ẹnu rẹ̀ pupa, ìrù rẹ̀ sì gùn gbọọrọ. Akọ rẹ̀ ní òrùka dúdú àti pupa díẹ̀ lọ́rùn. Perruche à collier ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Ó ń gbé ọ̀dàn apá àríwá. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń gún etí bí ìgbà tí a ń fi irin họ páànù. Ní ilé tí ògiri kan pààlà, ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé kí ìjà tó dé.

Youyou

Ẹyẹ kẹta yìí ni àwọn àgbẹ̀ mọ̀ jù, nítorí ó ń bá wọn jẹ àgbàdo, jéró àti ẹ̀pà. Ó kéré sí odídẹrẹ́. Orí rẹ̀ dà bí eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé, ikùn rẹ̀ sì dà bí ọsàn tó pọ́n tàbí ìbẹ́pẹ. Youyou ni àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é. Ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, láti Senegal títí dé Chad. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ bí odídẹrẹ́, ó lè mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ àti ìfé. Òun náà ń kígbe ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ kò lágbára tó ti àwọn méjì yòókù. Ó lè lo 25 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnì kan bá gbọdọ̀ ní ayékòótọ́ nínú yàrá kan, èyí ló sàn jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo youyou. Ẹyẹ tí wọ́n fi okùn tàbí àwọ̀n mú nínú oko lẹ́yìn tó ti dàgbà kì í gbàgbé oko. Bí ẹ bá sún mọ́ àgò rẹ̀, yóò wọ́ lọ sí kọ̀rọ̀, yóò máa kùn, yóò sì bu ọwọ́ ọmọ yín jẹ.

Ojú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú ọmọ youyou dúdú. Bó bá ti ń dàgbà, ojú náà yóò máa mọ́ sí i, títí yóò fi di òféèfé bí àgbàdo. Bí ọlọ́jà bá sọ pé ọmọ ẹyẹ ni, tí ojú rẹ̀ sì ti di òféèfé, irọ́ ló ń pa. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń sin ẹyẹ máa ń fi òrùka irin tí kò ní ojú ìsopọ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ nígbà tí ẹsẹ̀ náà ṣì kéré. Òrùka bẹ́ẹ̀ kò ṣeé wọ̀ fún ẹyẹ tó ti dàgbà. Ó fi hàn pé inú àgò ni wọ́n pa á. Bí ọlọ́jà kò bá lè fi ibi tí wọ́n ti pa ẹyẹ náà hàn yín, ẹ má rà á. Ẹ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ Eaux et Forêts léèrè ìwé tí òfin béèrè kí ẹ tó san owó kankan.

Ẹ má ra ẹyẹ tó wú ìyẹ́ rẹ̀ sókè tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án. Ẹ má ra èyí tí ikun ń jáde ní imú rẹ̀, tàbí èyí tí ìrù rẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ti ń mí. Àánú rẹ̀ lè ṣe yín. Bí ẹ bá ra èyí, ọlọ́jà yóò lọ mú òmíràn wá.

Ọ̀rọ̀ kan fún àgbẹ̀

Ní ìparí òjò ni youyou máa ń yé ẹyin, nínú ihò igi ńlá. Àwọn ọmọkùnrin kan máa ń gun igi náà. Wọ́n á fi àdá la ihò, wọ́n á kó àwọn ọmọ ẹyẹ, wọ́n á sì lọ tà wọ́n. Púpọ̀ nínú ọmọ ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí ẹni tó kó wọn kò mọ bí a ti ń bọ́ wọn. Ihò tí wọ́n là náà ti bàjẹ́. Ẹyẹ kankan kò ní lè lò ó mọ́, bẹ́ẹ̀ ihò tó dára lè gba ẹyẹ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ń ṣán oko, ẹ dá igi ńlá tó ní ihò sí. Bí youyou bá ń jẹ àgbàdo yín, ẹ tètè kórè èyí tó bá ti gbó, kí àwọn ọmọ sì máa lu agolo lé wọn.

Àgò àti oúnjẹ

Àgò gbọ́dọ̀ gba ẹyẹ kí ó lè na apá méjèèjì láìkan irin. Ẹ má fi pákó kàn án, nítorí yóò jẹ pákó náà tán. Ẹ má sì fi wáyà tuntun tó ń dán, tí wọ́n fi zinc bò, ṣe é, nítorí ẹyẹ yóò máa jẹ ẹ́, zinc náà yóò sì di májèlé sí i lára. Ẹ fi ẹ̀ka igi sí inú rẹ̀ kí ó máa bà lé e, ẹ̀ka tó nípọn díẹ̀ tí èyí kò sì dọ́gba pẹ̀lú èyí.

Ibi tí ẹ gbé àgò sí ṣe pàtàkì nínú yàrá kan. Kò gbọdọ̀ sún mọ́ ààrò èédú, nítorí èéfín tó ń mú wa wúkọ́ lè pa ẹyẹ. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé lóru. Nígbà ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, ẹ má gbé e sábẹ́ páànù. Ẹyẹ yìí nílò òkùnkùn bíi wákàtí 10 sí 12 kí ó tó sùn tó. Bí ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n títí di òru, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo àgò náà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí ẹ bá ń tú u sílẹ̀ nínú ilé, ẹ kọ́kọ́ pa fáànù òkè.

Ẹ̀pà àti jéró nìkan kò tó o. Ẹyẹ tó ń jẹ hóró nìkan máa ń ṣàìsàn. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́ tútù, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, kárọ́ọ̀tì, àgbàdo tútù àti ẹyìn ọ̀pẹ. Ẹ pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má fún un ní píà, tí wọ́n ń pè ní avocat ní Faransé, nítorí májèlé ni fún un. Ẹ má fún un ní iyọ̀, ọtí tàbí ṣokoléètì.

Àìsàn tó lè dé bá ènìyàn

Àìsàn kan wà tí ayékòótọ́ lè kó ran ènìyàn. Psittacose ni orúkọ rẹ̀ ní Faransé. Nígbà tí ìgbẹ́ ẹyẹ bá gbẹ, ó ń di eruku. Ẹni tó bá fa eruku náà símú lè kó àìsàn. Ibà yóò mú un, orí yóò máa fọ́ ọ, ara yóò máa ro ó, yóò sì máa wú ikọ́ gbẹ. Ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí ó jọ ibà tí ẹ̀fọn ń fà, ènìyàn lè máa lo oògùn ibà lásán nígbà tí àìsàn ń le sí i.

Oògùn rẹ̀ wà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lò ó. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ibà àti ikọ́, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé, “Mo ní ẹyẹ nínú ilé.” Bí ẹ kò bá sọ ọ́, kò lè mọ̀. Ẹ má ra oògùn olówó pọ́ọ́kú lójú títì.

Kí ẹ tó gbá àgò, ẹ wọ́n omi sí ìgbẹ́ náà kí eruku má baà sọ. Ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má fi ẹnu yín bọ́ ẹyẹ. Kí aboyún má ṣe tún àgò ṣe rárá, nítorí àìsàn yìí lè le gan-an fún un. Bí ẹ bá sì ní adìẹ ní abúlé, ẹ má gbé ẹyẹ tuntun sún mọ́ wọn, nítorí ó lè gbé àrùn Newcastle wá fún wọn.

Ẹ jọ jíròrò

1. Ọ̀nà wo ni a fi lè mọ youyou tó ti dàgbà?
2. Kí ni ẹ ó sọ fún ọmọkùnrin tó kó ọmọ ẹyẹ wá tà ní ẹnu ọ̀nà yín?
3. Kí ni ó yẹ kí ẹni tó ń sin ẹyẹ sọ ní ilé ìwòsàn?

Ìṣirò: Bàbá kan jẹ́ ẹni ọdún 38. Wọ́n fún un ní ọmọ odídẹrẹ́ tó lè lo 50 ọdún láyé. Ẹni ọdún mélòó ni bàbá náà yóò jẹ́ kí ẹyẹ náà tó kú? Bí kò bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa bọ́ ọ?