Ìgbọ̀nsẹ̀ Tó Kún Àkúnwọ́sílẹ̀ Nínú Ilé: Àtúnṣe àti Ìmọ́tótó

Àwọn kókó pàtàkì

• Omi tó bá ṣàn jáde láti inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lè gbé kòkòrò kọ́lẹ́rà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, àrùn mẹ́dọ̀wú irú A àti ẹyin aràn.
• Ọṣẹ àti omi ni a kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà ni bílíìṣì.
• Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú kòtò ìgbọ̀nsẹ̀.

Àkópọ̀

Ní Kanvili, ní ìlú Tamale, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, inú kòtò abẹ́lẹ̀ tó wà nínú ọgbà ni ìgbẹ́ ilé ń lọ. Nígbà òjò, ilẹ̀ a mu omi yó, omi inú kòtò kò sì ní ríbi gbà mọ́. A padà sínú ilé. Ní ọdún 2014, kọ́lẹ́rà tàn dé gbogbo ẹkùn mẹ́wàá tí Gánà ní nígbà náà. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní 28,000, àwọn tó kú sì lé ní 240.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má ṣe da omi sí àwo náà mọ́. Ẹ ti ẹ̀rọ omi tó wọ táńkì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ṣí fèrèsé.

Ẹ wádìí ibi tí ìdíwọ́ wà. Bí omi ilé ìwẹ̀ àti ti ilé ìdáná bá ń lọ dáadáa, inú àwo tàbí ọ̀nà rẹ̀ ni nǹkan ti há. Ẹ fi igi olórí rọ́bà tì í, kí ẹ sì fà á léraléra. Bí omi bá ń padà láti ojú ihò gbogbo, ó ṣeé ṣe kí kòtò ti kún. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ẹ má ṣe gbọ́n ọn sínú gọ́tà tàbí sí ilẹ̀ gbalasa, nítorí òjò yóò gbé e lọ sí kànga ẹlòmíràn.

Afẹ́fẹ́ olóró inú kòtò lè mú kí ènìyàn dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àní bí kòtò náà bá dà bí èyí tó ti ṣófo. Ẹni tó bá wọlé láti yọ ẹni tó dákú lè bá a kú. Ẹ má ṣe tan iná nítòsí rẹ̀.

Bí a ṣe ń tún ilé ṣe

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, kí ẹ sì bo egbò.
2. Ẹ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ da á padà sínú àwo nígbà tí ọ̀nà bá là, tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga.
3. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀ àti ògiri. Ìdọ̀tí a máa pa agbára bílíìṣì.
4. Ẹ po ìwọ̀n bílíìṣì kan (èyí tó ní klorín 5%) mọ́ ìwọ̀n omi mẹ́sàn-án. Ẹ dà á sílẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn mìíràn tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.
5. Ẹ kó ẹní àti tìmùtìmù tí kò ṣeé fọ̀ dànù. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ, kí ẹ sá a sí oòrùn.
6. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àní bí ẹ bá tilẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́.

Bí omi ìdọ̀tí bá kan kànga, ẹ má mu ún títí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá fura sí omi inú dírọ́ọ̀mù, ẹ dà á nù, ẹ fọ dírọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì jẹ́ kí omi mímu hó fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn

Kọ́lẹ́rà lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀ bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń yàgbẹ́ olómi púpọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà: ṣíbí kékeré 6 ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, tí a gé lórí, nínú lítà 1 omi mímọ́. Ẹ má ṣe dá ọmú dúró fún ọmọ ọwọ́.

Ìdènà

Ẹ má ṣe ju àkísà, ìlédìí tàbí ọ̀rá sínú àwo. Ẹ jẹ́ kí a fa kòtò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìdílé púpọ̀ bá ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, kí wọ́n jùmọ̀ dá owó rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, nítorí pé bí ó bá kún, kò sí yàrá tí àìsàn kò lè wọ̀.